Báwo ni a ṣe lè lo fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kí ìjọ lè dàgbà nínú ẹ̀mí? Mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta

Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ Kristẹni, Ìjẹmọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ìjọ wa wà ní agbègbè Ìjẹmọ̀ níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ Kristẹni níbẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ wa tó jókòó lórí ètò ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìjọ tiyín, ì báà jẹ́ Áńgílíkà, Bàptíìsì, Mẹ́tọ́díìsì tàbí ìjọ Aládùúrà.

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọ wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn, sáré kó ìsìn rẹ̀ sórí fóònù. A dá ẹgbẹ́ WhatsApp kan sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ìjọ, a ń gbàdúrà lórí Zoom, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbé ìsìn ọjọ́ Ìsinmi sórí Facebook. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe nígbà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lè jáde ló ń gbọ́ ohùn àlùfáà wọn nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìjọ ti ṣí padà tipẹ́tipẹ́, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì jókòó wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkàn àwọn ènìyàn.

Bí ẹ bá ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp wa láàárọ̀ òní, ẹ ó rí àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ “ẹ kú ọjọ́ Ajé” sí lára, ẹ ó rí ìkéde òkú, ẹ ó rí ẹni tó ń polówó epo pupa, ẹ ó sì rí àsọtẹ́lẹ̀ kan tí a kò mọ orírun rẹ̀, tí wọ́n ní bí ènìyàn kò bá fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ibi yóò kàn án. Ẹsẹ Bíbélì tí àlùfáà fi síbẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ti rì sísàlẹ̀ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, oúnjẹ ẹ̀mí kò sì tó nǹkan.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa rú yín lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní ìdàgbàsókè. Mo ń sọ nípa kí ọmọ ìjọ máa ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó máa gbàdúrà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, kí ó lè parí ìjà pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí ebi ń pa lórí ìjókòó kan náà tí òun ń jókòó lé. Iye ẹni tó wo ìsìn wa lórí Facebook kò lè sọ ìkankan nínú èyí fún wa. Nítorí náà ni mo ṣe ń bi yín pé: èwo nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ni ẹ ti rí pé ó ń mú ọmọ ìjọ dé ibẹ̀, báwo ni ẹ sì ṣe ń lò ó? Bákan náà, kí ni kí a ṣe fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn? Mo bẹ̀ yín, kí ẹ má sọ fún wa pé kí a lọ ra ẹ̀rọ olówó ńlá, nítorí pé apá wa kò ká a.

Olùkọ́ Kíláàsì Àwọn Ìyá, Ìtòkú

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìbéèrè yín bá mi lára mu gan-an, nítorí pé kíláàsì àwọn ìyá ni mo ń kọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe àdìrẹ. Ẹni tó ń ri aṣọ sínú aró, tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò lè máa fi ìka yí ojú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wọ awò ojú láti ka ẹsẹ Bíbélì láàárín iṣẹ́. Etí rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ohun tí a ń ṣe fi jẹ́ ohùn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A máa ń mú ìwé kan nínú Bíbélì, a kì í mú ẹsẹ káàkiri. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Rúùtù, nítorí pé orí mẹ́rin péré ni, ìtàn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ohùn rẹ̀ já gaara ni yóò ka apá kan sínú fóònù, èmi yóò sì bi ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀. A kì í jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, torí pé dátà wọ́n, ẹni tó bá sì ti rí i pé ó gùn yóò ní òun máa gbọ́ ọ tó bá yá, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Ibi tí ẹ ti ń gbà á sílẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìyá tó ń kà á máa ń wọ yàrá tí aṣọ kún inú rẹ̀, yóò ti fèrèsé, yóò pa fáànù, yóò sì gbé fóònù lé orí àpótí níwájú ara rẹ̀. Kì í gbé e sẹ́nu, nítorí pé èémí a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ tó wà nínú yàrá náà ni kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa dún padà.

Nígbà tí a dé ibi tí Náómì ti ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Márà, mo bi wọ́n pé ìbànújẹ́ wo ni wọ́n ti fi ṣe orúkọ ara wọn. Ìyá kan tí kì í la ẹnu rẹ̀ nínú kíláàsì rárá fi ohùn ránṣẹ́ padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nǹkan tí ó sọ kò ṣeé kọ síbí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá méjì jókòó tì í, wọn kò sì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Mo gbà pé òkùnkùn yàrá tirẹ̀ àti ohùn ara rẹ̀ ló fún un láyè láti sọ ohun tí ojú gbogbo wa kò jẹ́ kí ó sọ.

Ní ti fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà wà, ẹ má fòyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ojú ihò mẹ́mọ́rì kààdì, wọ́n sì lè kọ orin. Wàhálà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp máa ń wà ní irú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní Opus, àwọn fóònù kékeré náà kì í sì í gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà sí MP3 lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dà á sórí kààdì. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ wa ló máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ lẹ́yìn ìsìn, yóò gba kààdì lọ́wọ́ àwọn ìyá, yóò da ti ọ̀sẹ̀ tuntun sí i, yóò sì kọ́kọ́ pa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni tó lè kàwé fún un nílé, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ti wá ní Bíbélì tí ó lè máa gbọ́ lórí ibùsùn. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó lè kà á dáadáa, ìkànnì Bible.is ní Bíbélì Yorùbá tí ènìyàn lè fetí gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: kí ìgbìmọ̀ yín fẹnu kò sórí Bíbélì tí ẹ ó máa lò. Bíbélì Yorùbá tí ó pé jáde lọ́dún 1884, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, èdè Bíbélì ọjọ́un náà ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ ìyá wa. Àwọn ọmọ wọn ń ka Yorùbá òde òní lórí fóònù. Bí ìyá bá gbọ́ gbólóhùn tó yàtọ̀ sí èyí tó há sórí, yóò rò pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà, ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ mọ́.

Olórí Kíláàsì, Mẹ́tọ́díìsì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa tó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí ẹgbẹ́ náà ṣe tóbi tó, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ìṣòro ìjọ Ìjẹmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, kíláàsì sì ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bristol lọ́dún 1742, gbèsè ilé ìsìn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Wọ́n pín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí méjìlá méjìlá, wọ́n fi olórí kan sórí ìkọ̀ọ̀kan láti máa gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ olúkúlùkù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn olórí wọ̀nyí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé ni wọ́n ń rí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ẹni tí ọtí ti gbá mú, àti ọkọ àti aya tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, rí i lójúẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá láti bójú tó ọkàn àwọn ènìyàn ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Thomas Birch Freeman mú ìhìn rere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, ètò kíláàsì yìí sì wà lára ohun tí ìjọ náà gbìn sílẹ̀ níbí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé WhatsApp gba ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlélógún ènìyàn láàyè nínú ẹgbẹ́ kan, àwa náà sì rò pé bí ó ti gbà wọ́n yẹn, ó yẹ kí a kó wọn síbẹ̀. Kò sí ẹ̀dá tó lè ṣí ọkàn rẹ̀ payá níwájú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn. Ọjà Kútọ̀ ni ẹ kọ́ sínú fóònù yẹn, ẹ sì ń retí kí ó máa ṣe bí yàrá àdúrà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má pa ẹgbẹ́ ńlá náà rẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣètò rẹ̀ kí àwọn alábòójútó nìkan lè fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kí ó jẹ́ ibi ìkéde. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pín ìjọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, tí kò ní ju ènìyàn méjìlá lọ, kí ẹ sì fi olórí tó ní àánú lójú sórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ jù lọ ni kí ẹ yàn. Ẹ yan ẹni tó máa ń béèrè ẹni tí kò wá sí ìjọ, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù.

Àwọn olórí wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sọ WhatsApp di iṣẹ́ wọn. Irinṣẹ́ náà yóò fi ẹni tó dákẹ́ hàn wọ́n, ohun tí mo rí pé ó wúlò jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí arábìnrin kan tó máa ń dáhùn ìbéèrè bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí olórí rẹ̀ pè é, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà kò bá dùn, kí ó dìde lọ sílé rẹ̀. Àmì búlúù tó ń fi hàn pé ènìyàn ti ka iṣẹ́ tí a rán kò sọ ohunkóhun nípa ọkàn rẹ̀, kí olórí kankan má sì fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ní ti àwọn àsọtẹ́lẹ̀ adẹ́rùbani, ẹ wo ọfà méjì tó máa ń wà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. WhatsApp fi í síbẹ̀ láti sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, wọ́n sì ti dín ibi tí a lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí kù láti oṣù kẹrin ọdún 2020, sí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kí àlùfáà yín kọ́ ìjọ láti orí pẹpẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ìbẹ̀rù darí wọn nípa ìránṣẹ́ fóònù kò sọ̀rọ̀ lórúkọ Kristi. Èyí gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè, ó sì ju kí ẹ kàn máa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lọ.

Bàbá Àgbà, Ìbarà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbàdúrà fún yín. Ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn.

Ìlú wa kì í sá fún irinṣẹ́ tuntun. Níhìn-ín ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lọ́dún 1859, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ ènìyàn ní Á, Bí, Dí, tàgbà tèwe, nínú Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n kọ́ni kí wọ́n tó tẹ̀wé. Ẹ̀yin ti fi fóònù lé wọn lọ́wọ́, ta ló kọ́ wọn bí a ṣe ń fi í jọ́sìn?

Ohun tó ń dùn mí ni ti ìsìn orí Facebook. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ìyálọ́mọ tuntun, ọmọ wa tó wà lókè òkun, gbogbo wọn ni mo gbà fún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ilé rẹ̀ kò ju Òkè-Ìléwó lọ, tó sì ń wo ìsìn láti orí ibùsùn, kò jọ́sìn pẹ̀lú wa. Ìwé àwọn Hébérù orí kẹwàá ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kìlọ̀ pé kí a má kọ ìpéjọpọ̀ wa sílẹ̀. Ta ni yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ta ni yóò rí i pé ó rù? Bí ó bá ṣe tèmi, kí wọ́n máa gbé ìwàásù sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹni tó lè wá lọ́jọ́ Ìsinmi wá. Kí wọ́n má sì gbé kámẹ́rà wá sí ìdí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa rárá.

Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ Kristẹni, Ìjẹmọ̀

Bàbá, a dúpẹ́, kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, n ó sì gbé ti ìwàásù ọjọ́ Ajé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní Gẹ̀ẹ́sì ló máa bínú, ṣùgbọ́n a lè wá ọ̀nà mìíràn fún wọn.

Ohun kan kù tí n kò fi sínú ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà wọn sínú ẹgbẹ́ ńlá, pẹ̀lú orúkọ àìsàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ọ̀bàntòkò

Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, mo sì ti rí ilé tó dàrú nítorí rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Arábìnrin kan kọ ọ́ pé kí ìjọ bá òun gbàdúrà nítorí àìrọ́mọbí, tàbí pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún òun ní ilé ìwòsàn kò dára. Lójú rẹ̀, àwọn ará nínú Olúwa ló sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè ya àwòrán ojú fóònù, wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àwọn kan tí wọn kò wá sí ìjọ mọ́ sì ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yọ wọ́n kúrò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìyá ọkọ. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní tọrọ àdúrà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé rẹ̀. A ti ba ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ohun tí a pè ní irinṣẹ́ ìdàgbàsókè.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ nípa ìlera ènìyàn àti ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́ àwọn tó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń fún àlejò kọ, tí wọ́n ń gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti ohun tí ó ń fẹ́ àdúrà fún, tí wọ́n wá ń kó sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan tí kò ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, jẹ́ ohun tó yẹ kí àlùfáà béèrè nípa rẹ̀ lónìí.

Ohun tí a ṣe ní ọ̀dọ̀ wa rọrùn. Nọ́ńbà kan wà tí ènìyàn lè fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí, àwọn méjì péré ló ń dáhùn rẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí gbogbo ìjọ fọkàn tán. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, “Ṣé a lè sọ èyí fún àwọn aládùúrà, àbí kí ó wà láàárín wa?” Bí ẹni náà bá ní kí ó wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, wọn kì í sọ ju pé “ẹ rántí arábìnrin wa kan tó wà nínú ìdààmú.” Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀ràn bá ti parí, wọn a pa ìwé rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù.

Ẹ kìlọ̀ fún ìjọ nípa àwọn gbájúẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló hàn sí ara wọn, ẹni tó bá wọlé láti ṣe ibi lè fi àwòrán àlùfáà sí ojú fóònù tirẹ̀, kí ó sì máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìyá. Kí ẹ sọ ọ́ ní kedere pé àlùfáà yín kì í tọrọ owó lórí WhatsApp láéláé. Bákan náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó gbé àwòrán ọmọdé sórí ìkànnì ìjọ.

Ọ̀dọ́ Ìjọ, Àsèrò

Mo kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Bàbá Ìbarà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, àwa ọ̀dọ́ ni ẹ bá wí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tí àwa ọ̀dọ́ ń lò. Èkíní ni Bíbélì orí fóònù tí wọ́n ń pè ní YouVersion, èyí tí ìjọ Life.Church ní Oklahoma gbé jáde lọ́dún 2008. Ó ní ètò ìwé kíkà tí ènìyàn lè ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí olúkúlùkù yóò sì kọ ohun tí ó rí kọ́ sí abẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ìyẹn wúlò fún wa púpọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti lọ sí Èkó fún iṣẹ́ ṣì ń kàwé pẹ̀lú wa, mo sì rò pé èyí lè jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí akọ̀wé wa ń wá fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ohun èlò náà tún máa ń ka iye ọjọ́ tí ènìyàn ti ṣí i léraléra, ìyẹn sì ti di ìdíje. Mo mọ àwọn tó máa ń ṣí i ní agogo méjìlá òru ku ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọn kò ka nǹkan kan, kí iye wọn má bàa já. A wá pinnu pé a kò ní sọ iye ọjọ́ fún ara wa mọ́. Ohun tí a ń bi ara wa lọ́jọ́ Ìsinmi ni pé, “Kí ni ohun tí o kà yí padà nínú ohun tí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí?” Ìdáhùn máa ń ṣòro, ìjíròrò gidi sì máa ń jáde láti ibẹ̀. Ẹnì kan ní òun dá owó tí oníbàárà san lé padà fún un, torí ohun tí a kà nípa Sákéù.

Èkejì ni àwọn ẹ̀rọ aláròdá bíi ChatGPT, tí àwọn olùkọ́ kan ti ń fi pèsè ẹ̀kọ́. Èyí gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ẹ̀rọ náà lè fi ìdánilójú kọ ẹsẹ Bíbélì tí kò sí, tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sẹ́nu Pétérù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ti gbàgbọ́ kí ẹ̀rọ tó dé pé ó wà nínú Bíbélì pé Ọlọ́run ń ran ẹni tó ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ará Bèríà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wí rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ Pọ́ọ̀lù wò, mélòómélòó ni ẹ̀rọ? Ní kíláàsì tiwa, olùkọ́ lè fi ẹ̀rọ náà wá ìbéèrè tí yóò bi wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ẹsẹ tí ẹ̀rọ náà tọ́ka sí nínú Bíbélì kí ó tó wọ kíláàsì. Ní ti àdúrà, a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ bá wa kọ ọ́. Àdúrà tí kò dán, tí ó jáde láti inú ẹni tó ń gbà á, ni a ń fẹ́ gbọ́.

Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ Kristẹni, Ìjẹmọ̀

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú ìgbìmọ̀ báyìí ni pé kí ẹgbẹ́ ńlá di ti ìkéde nìkan, kí a yan àwọn olórí fún ẹgbẹ́ kéékèèké kí àlùfáà sì kọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì yọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà kúrò lójú gbogbo ènìyàn láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé ìyẹn kò ṣeé fi dúró de ìpàdé. Ìwé Rúùtù ni èmi náà yóò dábàá kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá wa ní Ìtòkú, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ọ̀dọ́kùnrin yín lè kọ́ méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń yí ohùn náà padà sí MP3? Àwa ni yóò wá bá yín.

Olùkọ́ Kíláàsì Àwọn Ìyá, Ìtòkú

Inú rẹ̀ yóò dùn. Kí wọ́n wá ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, nígbà tí iná sábà máa ń wà. Kí wọ́n mú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá àti ohun tí wọ́n fi ń ka kààdì, kí wọ́n sì mú ìyá kan lọ́wọ́ pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí a lè gbọ́ ọ láti inú fóònù tirẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ.